Nígbà Tí Ẹṣẹ́ Paratáírọ́ìdì Bá Ń Ṣiṣẹ́ Ju Bó Ti Yẹ Lọ: Nọ́ọ̀sì Dáhùn Ìbéèrè Yín

Láti ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ lórí òkúta inú kíndìnrín ní ojú ìwé yìí ni àwọn òǹkàwé ti ń kọ̀wé béèrè nípa ẹṣẹ́ paratáírọ́ìdì, nítorí pé òun ni dókítà sọ fún àwọn kan nínú wọn pé ó wà nídìí òkúta tí ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo ti yan àwọn lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ wọn kan ìtọ́jú gan-an, ìyẹn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ti ará ilé tí ó wà lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn, mo sì ti dáhùn wọn bí ààyè ṣe gbà.

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 63 ni ìyá mi. Ó ti pẹ́ tí egungun ti ń ro wọ́n, tí wọn kì í lè yàgbẹ́ dáadáa, tí wọ́n ń jí tọ̀ ní gbogbo òru, tí wọ́n sì ń gbàgbé nǹkan. Òkúta inú kíndìnrín ni ó gbé wa dé ilé ìwòsàn, níbi tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn pé kálísíọ̀mù wọn jẹ́ 11.8 mg/dL, tí PTH wọn, ìyẹn họ́mọ̀nù tí ẹṣẹ́ paratáírọ́ìdì ń tú jáde, sì ga. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni yóò yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa ṣì jìnnà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a dá wàrà àti ẹja dúró pátápátá; aládùúgbò wa ní kí a ra oògùn kálísíọ̀mù fún wọn nítorí egungun tí ń ro wọ́n. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn, báwo ni kí n sì ṣe tọ́jú wọn títí di ọjọ́ náà? — Ọmọ ìyá rẹ̀, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Ẹ má ṣe tẹ̀ lé ìmọ̀ràn kankan nínú méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ni ó mú kí wọ́n gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ẹṣẹ́ paratáírọ́ìdì mẹ́rin ni ó sábà máa ń wà lẹ́yìn ẹṣẹ́ táírọ́ìdì ní iwájú ọrùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣọ́ kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó yẹ kí ó wà láàárín nǹkan bí 8.5 sí 10.5 mg/dL. Bí ó bá lọ sílẹ̀, wọ́n á tú PTH jáde. PTH yìí á mú kí egungun yọ kálísíọ̀mù sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, kò ní jẹ́ kí kíndìnrín dà á nù sínú ìtọ̀, á sì mú kí kíndìnrín kan náà sọ fítámínì D di èyí tí ń ṣiṣẹ́, kí ìfun lè fa kálísíọ̀mù púpọ̀ sí i láti inú oúnjẹ. Bí kálísíọ̀mù bá ti tó, ó yẹ kí wọ́n dẹwọ́. Lára ọ̀pọ̀ aláìsàn bí ìyá yín, kókó kan ti hù sára ọ̀kan nínú ẹṣẹ́ mẹ́rin náà, ẹṣẹ́ ọ̀hún kò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dẹwọ́ mọ́. Kí ọkàn yín balẹ̀ lórí èyí: nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn bẹ́ẹ̀, kókó náà kì í ṣe jẹjẹrẹ lára iye tí ó lé ní mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún.

Nítorí náà, inú egungun ìyá yín ni púpọ̀ nínú kálísíọ̀mù náà ti ń jáde, kì í ṣe inú àwo oúnjẹ wọn. Bí ẹ bá dá wàrà àti ẹja dúró, ẹṣẹ́ náà á tún rí i pé kálísíọ̀mù tí ń wọlé dínkù, á máa tú PTH sí i, egungun tí ẹ fẹ́ dáàbò bò ni yóò sì san gbèsè rẹ̀. Kí wọ́n máa jẹun bí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wọn ṣe ń jẹun. Ti aládùúgbò yín ni ó léwu jù, nítorí pé oògùn kálísíọ̀mù á gbé èyí tí ó ti ga tẹ́lẹ̀ ga sí i. Bákan náà ni fítámínì D: ọ̀pọ̀ aláìsàn yìí ni kò ní in tó, ó sì lè yẹ kí wọ́n lò ó, ṣùgbọ́n dókítà ni yóò díwọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò nílé sínú àpò kan, títí kan èyí tí wọ́n rà fún inú rírùn, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yẹ̀ wò. Moduretic, tí ọ̀pọ̀ àgbà ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ní hydrochlorothiazide nínú, oògùn yìí sì máa ń mú kí kíndìnrín di kálísíọ̀mù mú. Lithium, oògùn àìsàn ọpọlọ, náà lè gbé kálísíọ̀mù ga, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oògùn inú rírùn tí wọ́n fi kálísíọ̀mù ṣe. Bí wọ́n bá ń lo digoxin fún ọkàn, ó yẹ kí dókítà mọ̀, nítorí pé májèlé rẹ̀ tètè máa ń hàn lára ẹni tí kálísíọ̀mù rẹ̀ ga. Kí ẹ má fúnra yín dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró o. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni yóò pààrọ̀ rẹ̀.

Omi ni olórí ìtọ́jú tí ó wà ní ọwọ́ yín. Kálísíọ̀mù tí ó pọ̀ máa ń mú kí kíndìnrín da omi nù, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń jí tọ̀ lóru. Àgbà tí ó bá rẹ̀ láti máa dìde lóru sì sábà máa ń dín omi mímu kù, ara rẹ̀ á gbẹ, kálísíọ̀mù á tún ga sí i, òkúta mìíràn á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Bí dókítà kò bá ti sọ pé ọkàn tàbí kíndìnrín wọn kò lè gbà á, kí wọ́n máa mu lítà 2 sí 3 lójúmọ́, ìyẹn píọ́ wọ́tà 4 sí 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50. Ẹ kó iye tí ti ọjọ́ náà jẹ́ sójú kan láàárọ̀ kí ẹ lè rí ohun tí ó ṣẹ́ kù ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ gbé póò sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ẹ má pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ká ẹní tí ó lè yọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀, nítorí pé ìṣubú kékeré lè dá egungun tí kálísíọ̀mù ti ń jò kúrò nínú rẹ̀. Bí ìrora òkúta bá tún dé, ẹ fi asẹ́ tí ẹ yà sọ́tọ̀ sẹ́ ìtọ̀ wọn, bí ẹ bá sì rí òkúta, ẹ fi sínú ìgò mímọ́ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n lè mọ irú òkúta tí ó jẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa dùbúlẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Egungun tí a kò bá fi gbé ara dúró máa ń tú kálísíọ̀mù sílẹ̀ ní kíákíá. Kí wọ́n máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ nínú ọgbà, kí wọ́n dì yín mú tàbí kí wọ́n lo ọ̀pá, kí wọ́n má sì ru ohun tí ó wúwo. Fún àìlèyàgbẹ́, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ àti omi náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ má fún wọn ní àgbo tí ń mú ni ṣu gbuuru, nítorí pé yóò gbẹ omi tí ẹ ti fi gbogbo ọjọ́ bẹ̀ wọ́n mu.

Ẹ mẹ́nu ba ìgbàgbé, ẹ kò sì sọ púpọ̀ sí i. Mo rò pé òun ni ó ń dùn yín jù. Kálísíọ̀mù tí ó pọ̀ máa ń mú kí ọkàn rẹ̀wẹ̀sì, kí ènìyàn máa sùn ṣáá, kí inú máa bí i láìnídìí, kí ọ̀rọ̀ sì máa fò lọ lórí rẹ̀. Àìsàn ni ó fà á. Kì í ṣe ìwà burúkú, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Ẹ sọ ọ́ fún gbogbo ilé, kí ẹnikẹ́ni má baà máa bá wọn wí bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì tí omi kò dúró nínú, tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ara mu mọ́, tàbí tí ẹ jí wọn tí ojú wọn kò là dáadáa, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní wákàtí náà, nítorí pé bí kálísíọ̀mù bá kọjá 14 mg/dL, ó lè da ìlù ọkàn rú. Omi iyọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ fà sí wọn lára, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fún wọn ní àwọn oògùn tí ń dí egungun lọ́wọ́ láti máa tú kálísíọ̀mù sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, ẹ kú ojúmọ́ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí ní Òṣogbo. Olùkọ́ wa ní kí a máa ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọrùn ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ẹṣẹ́ paratáírọ́ìdì rẹ̀, kí calcium gluconate, ìyẹn abẹ́rẹ́ kálísíọ̀mù, sì wà lẹ́bàá ibùsùn. Ohun tí kò yé mi ni pé kálísíọ̀mù tí ó pọ̀ jù ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ. Kí ló dé tí a tún ń wá kálísíọ̀mù sí ẹ̀gbẹ́ aláìsàn? — Akẹ́kọ̀ọ́, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: O pè mí ní ìyá, nítorí náà màá bá ọ sọ̀rọ̀ bí ọmọ mi. Ìbéèrè rẹ ni mo fẹ́ kí gbogbo nọ́ọ̀sì máa bi ara wọn kí wọ́n tó gba aláìsàn yìí láti yàrá iṣẹ́ abẹ, nítorí pé ìdà kejì ọ̀rọ̀ náà ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí yẹn. Ní gbogbo ìgbà tí ẹṣẹ́ kan ń ṣiṣẹ́ àṣejù, àwọn mẹ́ta yòókù ti sùn, nítorí pé kálísíọ̀mù ti pọ̀ lójú tiwọn. Bí wọ́n bá ti yọ aláṣejù náà tán, PTH á já wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, àwọn tí ó sùn kò sì ní tètè jí. Egungun tí ebi kálísíọ̀mù ti ń pa láti ọjọ́ pípẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ sínú ara rẹ̀. Bí egungun náà bá ti bàjẹ́ tó ni fífà náà máa ń le tó.

Ọjọ́ kejì sí ìkẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni kálísíọ̀mù sábà máa ń lọ sílẹ̀ jù. Fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ti lè wà nílé ní ọjọ́ náà. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ tí o bá kọ́ aláìsàn àti ará ilé rẹ̀ kí wọ́n tó jáde ní wọ́ọ̀dù ṣe pàtàkì tó ohun gbogbo tí o bá ṣe fún un ní wọ́ọ̀dù. Kọ́ wọn pé bí nǹkan bá ń rìn wọ́n ní àyíká ètè, ní orí ìka ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Lẹ́yìn èyí ni pajápajá máa ń dé, tí ọwọ́ á ká kò; bí a bá sì fi í sílẹ̀, ó lè di gìrì, tàbí kí ọ̀nà ọ̀fun fún pọ̀ tí èémí kò ní rí ọ̀nà gbà.

Nínú wọ́ọ̀dù, o ní ọ̀nà méjì tí o fi lè mọ̀ ọ́n kí ó tó le. Fi ìka rẹ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláìsàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ níwájú etí. Bí igun ètè rẹ̀ bá ta pọ́n-ún, sọ fún dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ta bẹ́ẹ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí ó sì yẹ kí o ti wò ó ṣáájú iṣẹ́ abẹ kí o lè mọ ìyàtọ̀. Ìkejì, tí ó ṣeé gbára lé jù, ni ti Armand Trousseau, dókítà ará Faransé: so ohun tí a fi ń wọn ìfúnpá mọ́ apá rẹ̀, fẹ́ ẹ kọjá òǹkà òkè ìfúnpá rẹ̀ díẹ̀, kí o sì dúró fún ìṣẹ́jú 3. Bí kálísíọ̀mù bá ti lọ sílẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ á tẹ̀ wọlé, àwọn ìka á sì na pọ̀ sójú kan.

Ìdí tí calcium gluconate fi wà lẹ́bàá ibùsùn nìyẹn. Bí dókítà bá ní kí a fún un, èyí tí ó jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni a sábà máa ń lò, mílílítà 10 ní jẹ́ẹ́jẹ́ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó dára, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ìlù ọkàn. Bí ó bá jò sábẹ́ awọ, ó lè jó ẹran ara, nítorí náà máa wo ibi abẹ́rẹ́ náà títí yóò fi tán. Má ṣe jẹ́ kí òun àti ceftriaxone, oògùn apakòkòrò, gba ojú omi kan náà, nítorí pé àwọn méjèèjì máa ń dì pọ̀. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí bí a ṣe ń lo ceftriaxone tó ní àwọn wọ́ọ̀dù wa. Bí kálísíọ̀mù kò bá sì gbéra lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, rán dókítà létí láti wo magnesium, èròjà mìíràn inú ẹ̀jẹ̀.

Ní ti ẹ̀yìn ọrùn, aláìsàn náà yóò máa sùn pẹ̀lú orí gíga díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó bá ń jáde lójú ọgbẹ́ iwájú ọrùn lè gba ẹ̀gbẹ́ ṣàn lọ sẹ́yìn kí báńdéèjì iwájú ṣì funfun láú. Olùkọ́ rẹ mọ ohun tí ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sínú ọrùn láìjáde rárá ni ó ń pa ènìyàn kíákíá: ọrùn á wú, aláìsàn á ní ọrùn fún òun, kò ní lè fara balẹ̀, èémí rẹ̀ á sì máa dún. Má ṣe dúró wọn ìfúnpá lẹ́ẹ̀kejì. Ké sí oníṣẹ́ abẹ, kí ohun tí a fi ń tú okùn ọgbẹ́ sì ti wà nítòsí láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń la ọ̀nà èémí. Máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, kí o sì jẹ́ kí ó dá ọ lóhùn ní gbólóhùn gígùn. Iṣan tí ń darí ohùn kọjá lẹ́bàá ẹṣẹ́ yìí. Ohùn tí ó há díẹ̀ lè jẹ́ ti rọ́bà tí wọ́n fi sí i lọ́fun nígbà iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ohùn tí ó túbọ̀ ń lọ sílẹ̀, tàbí omi tí ó ń há a lọ́fun, gbọ́dọ̀ dé etí dókítà.

Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí o mọ̀. Ní 1925, ní ìlú Vienna, Felix Mandl yọ irú kókó yìí lọ́rùn ọkùnrin kan tí egungun rẹ̀ ti bàjẹ́, ara ọkùnrin náà sì mókun. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀gá atukọ̀ ojú òkun kan, Charles Martell, lẹ́ẹ̀mẹfà láìrí ẹṣẹ́ náà. Ní ìgbà keje, ní 1932, wọ́n bá a nínú àyà rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni kálísíọ̀mù rẹ̀ já wálẹ̀ tí pajápajá sì mú un, kò sì pẹ́ tí ó fi kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ mìíràn tí wọ́n ṣe fún un nítorí òkúta. Wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń wá. Ìtọ́jú ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ṣòro.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń ṣe dáyálísíìsì, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ní ẹṣẹ́ paratáírọ́ìdì mi ń ṣiṣẹ́ jù, síbẹ̀ wọ́n ní kálísíọ̀mù mi kò tó. Wọ́n fún mi ní oògùn tí mo gbọ́dọ̀ lò pẹ̀lú oúnjẹ. Ara sì ń yún mi gan-an. — Bàbá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, Bàbá Ìbejì. Tiyín yàtọ̀ sí ti ìyá Ìbàdàn yẹn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe lo ìmọ̀ràn omi tí mo fún wọn. Iye omi tí ibi dáyálísíìsì yín bá dá fún yín ni kí ẹ mọ. Lára yín, kíndìnrín ni ó kọ́kọ́ ṣàárẹ̀: kò lè da phosphate, èròjà kan inú oúnjẹ, nù mọ́, kò sì lè sọ fítámínì D di èyí tí ń ṣiṣẹ́, kálísíọ̀mù wá lọ sílẹ̀, ẹṣẹ́ náà sì ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó láti gbé e sókè.

Oògùn tí wọ́n fún yín ń dì mọ́ phosphate inú oúnjẹ kí ó lè bá ìgbẹ́ jáde. Bí ẹ bá lò ó ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, kò ní bá phosphate kankan níbẹ̀. Láàárín oúnjẹ ni kí ẹ gbé e mì. Bí ẹ kò bá jẹun, ẹ béèrè bóyá kí ẹ fò ó. Ẹ dín kóòkì, sọ́séèjì àti ẹran inú agolo kù, kí ẹ sì mọ níwọ̀n nínú edé, pańla àti wàrà oníyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n ẹ má dá ẹran, ẹyin àti ẹja tútù dúró, nítorí pé dáyálísíìsì ń gba èròjà tí ń ṣara lóore lọ́wọ́ yín. Fún ara yíyún, ẹ gé èékánná, ẹ fi omi tí kò gbóná wẹ̀, ẹ fi òrí para kí omi tó gbẹ tán lára, ẹ má sì pa ọjọ́ dáyálísíìsì jẹ, nítorí pé phosphate máa ń pọ̀ sí i láàárín ọjọ́ tí ẹ kò lọ.

ÌBÉÈRÈ: Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà ni mò ń ṣe ní London. Bàbá kan tí mò ń tọ́jú ní àìsàn yìí, wọn kò sì ní ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nítorí ọkàn rẹ̀. Kí ni kí n máa ṣọ́? Ǹjẹ́ ọmọ rẹ̀ lè jogún rẹ̀? — Ọmọ Ìjẹ̀bú ní ìdálẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ìdálẹ̀. Ìlànà 2019 ti NICE, àjọ tí ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ níbẹ̀, ní kí wọ́n fi ẹni tí kálísíọ̀mù rẹ̀ bá dé 2.85 mmol/L (nǹkan bí 11.4 mg/dL), tàbí tí ó bá ní àmì àìsàn náà, han oníṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ara aláìsàn ni yóò sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Cinacalcet ni wọ́n sábà máa ń fún irú bàbá bẹ́ẹ̀ láti mú kálísíọ̀mù wálẹ̀. Pẹ̀lú oúnjẹ ni kí ó máa lò ó, nítorí pé ó máa ń rìn ni nínú. Ẹ béèrè iye omi tí ọkàn rẹ̀ lè gbà, kí ẹ sì máa kọ ohun tí ó mu àti ohun tí ó tọ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá ń bì tàbí tí ó ń ṣu gbuuru ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ pe dókítà rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Bí ó bá sì ń sọ ìsọkúsọ tí kò sọ tẹ́lẹ̀, tàbí tí kò ṣeé jí, 999 ni kí ẹ pè, kí ẹ sì sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀ pé ó ní àìsàn paratáírọ́ìdì.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ kì í ṣe àjogúnbá. Àmọ́ bí ó bá bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀dọ́, tàbí tí ẹni méjì nínú ìdílé bá ní in, kí wọ́n béèrè àyẹ̀wò àbùdá. Fún ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí wọ́n tún wọn kálísíọ̀mù ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá wà ní ìwọ̀n tí ó yẹ ní ọjọ́ náà ni dókítà tó lè sọ pé àìsàn náà ti lọ.